Ìṣó Méje

Hulda ti gbẹ́ ògiri náà wọlé tó ìgbọ̀nwọ́ kó tó dáwọ́ dúró. Ó fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀, ó tu eruku lẹ́nu, ó sì wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé ògiri yìí ni?”

“Òun ni.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ nípa ti àárọ̀.”

“Ti àárọ̀, mo ṣì í. Bọ́ sápá òsì díẹ̀. Ibẹ̀ la máa ń kọ orí sí tá a bá sùn.”

Hulda fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. “Ìyàwó tó ń wó ilé ìyá ọkọ ẹ̀. Tí àwọn ará Kettle Creek bá rí mi, wọ́n á ní ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí.”

“Wọn ò ní parọ́. Gbẹ́.”

Hulda rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ilé àtijọ́ náà kò ní òrùlé mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilẹ̀ tí a gé tòun ti koríko àti gbòǹgbò rẹ̀, tí a sì tò léra wọn bíi bíríkì. Nígbà tí Thirza Vancil wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ní ọdún 1876, a kì í rí igi títí ìrìn ọjọ́ méjì. Ilẹ̀ ló wà. Ilẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé, ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn lé, ilẹ̀ ló ń já bọ́ sínú ọbẹ̀ wọn bí òjò bá rọ̀.

Òjò kò rọ̀ mọ́ báyìí. Ọdún 1934 nìyí, ọ̀dá sì ti pé ọdún mẹ́ta. Àgbàdo kò ga kọjá orúnkún kó tó gbẹ. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbéra, ó ń bá atẹ́gùn lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, Orrin, ọmọ Thirza àti ọkọ Hulda, yóò di ẹrù sínú mọ́tò, wọ́n á forí lé Oregon. Ọjọ́rú ni wọ́n wà yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti olú-ìlú, láti ilé tí wọ́n ń kó ìtàn ìpínlẹ̀ jọ sí. Ó fẹ́ wá gba iṣẹ́ Thirza.

Iṣẹ́ náà ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Thirza ni ó ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń jókòó ti àwọn tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ náà, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó kọ ti ọdún tí eéṣú jẹ gbogbo nǹkan dórí ẹ̀wù tí wọ́n sá sóòrùn. Ó kọ iye ọmọ tí ikọ́ pa. Ó kọ ẹni tó yẹ òkúta ààlà ilẹ̀. Ìyẹn ni àwọn kan fi ń sá fún un. Bí wọ́n bá rí i lọ́nà, wọ́n á ní, “Ẹ tilẹ̀kùn, Thirza ń bọ̀ tòun ti gègé ẹ̀.”

Ìwé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti wà lórí tábìlì nílé, ó ti dà wọ́n kọ tán, ó ti fi okùn dì wọ́n. Mọ́kànlá àkọ́kọ́ ló kù. Ògiri yìí ni wọ́n wà.

Ṣọ́bìrì Hulda ró gbàù lára páànù.

“Ó yá, Màmá,” ó ní. “Ẹ gba ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ò tíì ṣarán.”

*

Ohun tó gbé ìwé wọnnì dé inú ògiri ni ọ̀rọ̀ Asahel Pruett.

Ní oṣù kẹta ọdún 1879, òtútù àyà dá Asahel dùbúlẹ̀. Ó rò pé òun ń kú lọ. Ó ránṣẹ́ pe Thirza, ó ní kó mú gègé wá, ó sì lé gbogbo ènìyàn síta.

Ó sọ fún un pé ní ìgbà òtútù ọdún 1873, kí ẹlòmíràn tó dé àfonífojì náà, àwọn mẹ́rin ni àwọn wà nínú ihò tí àwọn gbẹ́ sára òkè: òun, Lemuel ẹ̀gbọ́n òun, àti àwọn ọmọ Coggins méjì. Àpò àgbàdo kan ló ṣẹ́kù fún wọn. Ìjì yìnyín jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ni, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ wọn ti kú sọ́nà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo àpò àgbàdo. Wọ́n wo ara wọn. Lemuel fi igi dábùú ilẹ̀kùn.

Àwọn ará ìta kò kúrò. Wọ́n fara ti ògiri. Ẹni tó bá sùn nínú yìnyín kì í jí, obìnrin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó ń pe ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà sùn. Wọ́n ń dáhùn. Ọkọ náà ń pe òun náà padà. Báyìí ni Asahel ṣe mọ orúkọ wọn, láti inú ògiri. Nígbà tó yá, ohùn tó ń dáhùn dín kan. Ó dín méjì. Nígbà tó yá, obìnrin náà ń pè, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Nígbà tó tún yá, kò sẹ́ni tó ń pè.

Asahel ka orúkọ márààrún fún Thirza. Thirza kọ ọ́. Asahel wá ní, “Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kà á títí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi kú.”

Thirza jẹ́jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Asahel kò kú. Ara rẹ̀ le, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Thirza kó ìwé mọ́kànlá tó kọ láàárín ọdún mẹ́ta ìgbà náà sínú garawa ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó fi ìda oyin dí ojú rẹ̀, ó sì mọ ọ́n mọ́ ògiri. Eku kò ní rí i jẹ níbẹ̀. Iná pápá kò ní rí i jó. Nígbà tí wọ́n kó lọ sínú ilé onípákó, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ wọnnì kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò dà á láàmú. Ohun tí ènìyàn bá ti kọ sílẹ̀, orí ti sọ ẹrù ìyẹn nìyẹn.

Lemuel kú. Àwọn ọmọ Coggins kú. Asahel nìkan ló kù, ó ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní gbogbo oṣù kẹjọ, bí àwọn àgbà tó kọ́kọ́ dé bá péjọ nínú ọgbà ilé ìjọsìn, òun ni wọ́n máa ń fún ní ríbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n kọ oókan sí. Á dìde, á sọ ìtàn bí àwọn mẹ́rin ṣe ṣílẹ̀kùn fún ìdílé kan nínú ìjì, tí wọ́n pín àpò àgbàdo kan jẹ títí òtútù fi kọjá. Àwọn obìnrin á sunkún. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti fi ṣe eré. Thirza á jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, á máa wo bàtà rẹ̀.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún yìí ló lọ bá a. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ń kó mi lọ. Tí mo bá lọ, ògiri ò ní sọ̀rọ̀.” Asahel ní, “Ṣí i. Kọ orúkọ wọn sí pákó, kó o gbé e lọ sórí òkè yẹn. Ibẹ̀ la sin wọ́n sí. A ò fi àmì sí i.”

Orrin ti fá pákó náà. Ó ti wà lẹ́yìn ilé, ó ń retí orúkọ.

*

Hulda fi ọ̀bẹ ya ìda. Aṣọ olóròóró ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé sì wà nínú aṣọ, mọ́kọ̀ọ̀kànlá, bébà ìdìrù tí Thirza gé tó sì gán pọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ihò eku. Kò sí ọ̀rinrin. Thirza fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni pa ọmọ lórí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà òtútù.

“Wò ó,” ó ní. “Wò ó bó ṣe gbẹ.”

Ó mú ìkẹta, ó ṣí i. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ojú rẹ̀ kò dára mọ́. Ó nà án sí Hulda.

“Kà á fún mi. Wá ibi tí mo kọ Pruett sí.”

Hulda ṣí ojú ewé kan. Ó ṣí òmíràn. Ó yíwèé sí òòrùn.

“Màmá, ibo lẹ kọ ọ́ sí?”

“Ó wà lọ́wọ́ ẹ.”

“Ìwé ló wà lọ́wọ́ mi. Ohun tẹ́ ẹ kọ ni mò ń wá.”

“Má bá mi ṣeré, Hulda.”

“Mi ò ṣeré.”

Wọ́n ṣí mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ojú ewé rí bíi wàrà tí wọ́n ti ré ọ̀rá rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ Thirza ti tẹ̀ sí jù, àwọ̀ pupa rúsúrúsú díẹ̀ kù. Hulda fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń kà á bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́wèé. Ní ibì kan: yìnyín. Ní ibì kan: àpò kan. Ní ibì kan: ó kan ilẹ̀kùn. Kò sí òmíràn.

“Òòrùn ni? Àbí ìda?” Hulda béèrè. “Kí ló jẹ ẹ́?”

Thirza mọ ohun tó jẹ ẹ́. Ó ti mọ̀ kí Hulda tó béèrè.

Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó ń ra tàdáwà ní Kettle Creek. Èso igbó dúdú ni wọ́n ń já, wọ́n á sè é pẹ̀lú ọtí kíkan àti iyọ̀. Ìkòkò kan ni Thirza sè ní oṣù kẹwàá ọdún 1878, kò sì tán fún ọdún mẹ́ta. Mahala, ìyá ọkọ rẹ̀, dúró tì í lẹ́bàá iná. Ó ní, “Ju ìṣó tó ti dípẹtà sí i, kó rẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Tàdáwà tí kò jẹ irin, àlejò ni. Á lọ.”

Ìṣó kò pọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ń kó kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ dáná sun ilé, á wá ṣa ìṣó nínú eérú kó tó lọ. Thirza ní méje nínú agolo áṣáà. Ó ti tọ́jú wọn sílẹ̀ fún tàdáwà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó sè é gan-an ni Ansel, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, kú. Ọkọ rẹ̀ ya pákó lára kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó fẹ́ kan pósí. Kò rí ohun tó máa fi kàn án. Thirza lọ mú agolo náà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, tàdáwà ṣì wà. Ó dúdú dáadáa. Ó dúdú bí aró. Thirza rò pé àgbà ló ń ṣe Mahala.

“Ìṣó ló yẹ kó wà nínú ẹ̀,” ó sọ fún Hulda. “Mo ní méje.”

“Kí lẹ fi ṣe?”

“Mo fi kan pósí Ansel.”

Hulda kó ìwé padà sínú garawa, ó sì gbé e.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Hulda fi mọ́tò gbé Thirza lọ sí ìlú. Asahel jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Cora ọmọ rẹ̀, aṣọ tútù ta sí ojú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀ nítorí eruku.

“Ìyàwó Vancil!” ó ní. “O ò tíì kú?”

“Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, Bàbá. Àgbà ló ń ṣíwájú.”

“Máa dúró. Mi ò kánjú.”

Cora yọjú síta. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó sì ń pariwo sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ayé ni kò gbọ́ràn. “Màmá Vancil, ẹ káàbọ̀ o! Bàbá ti ń palẹ̀ mọ́ fún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn á gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ìtàn ìdílé tí wọ́n gbà sílé yẹn.”

“O ṣeun, Cora. Bá wa po kọfí díẹ̀. Hulda á bá ẹ dáná.”

Hulda wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé Cora wọlé.

Thirza sún àga rẹ̀ mọ́ ti Asahel.

“A ti ṣí i,” ó ní.

“O rí i?”

“Mo rí ìwé. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ó ti funfun.”

“Funfun báwo?”

“Bí ẹyin.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Asahel mí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù. Thirza rí i. Asahel sì rí i pé ó rí i.

“Má wò mí bẹ́ẹ̀,” ó ní.

“Ẹ ka orúkọ wọn fún mi. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mo mú gègé dání.”

“Ó ti pẹ́, Thirza.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣí i.”

Asahel di ojú. Eruku ń gba ojú ọ̀nà kọjá bí omi tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ọkùnrin náà, Eben ni.”

Thirza kọ ọ́.

“Ìyàwó ń jẹ́ Roxana. Òun ló ń pè. Alvah ni ó kọ́kọ́ ń pè. Ìyẹn á dáhùn. Lẹ́yìn náà, Delphine. Lẹ́yìn náà, Tamar. Tamar ló kéré jù. Òun ló pẹ́ jù kó tó dákẹ́.”

Ọwọ́ Thirza dúró lórí bébà.

“Bàbá Pruett.”

“Hùn?”

“Ìyàwó yín ni Roxana.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bàbá tó bí yín ni Eben. Alvah àti Delphine, ọmọ yín ni wọ́n. Tamar náà, ọdún tí àrùn ọ̀nà ọ̀fun jà ló kú. Èmi ni mo wẹ òkú ẹ̀.”

Asahel la ojú. Ó wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i níbẹ̀.

“Àwọn ni wọ́n ń pè,” ó ní. “Bí yìnyín bá ti rọ̀, tí mo bá dùbúlẹ̀, àwọn ni mo máa ń gbọ́ lára ògiri. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ àwọn.”

“Àwọn tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ìwé ẹ ló mọ̀ wọ́n. Mo kó wọn lé ẹ lọ́wọ́. O ní o ti gbà wọ́n.”

“Mo gbà wọ́n.”

“Kí lo wá fi wọ́n ṣe?”

Thirza fi ìlà kan gba àárín orúkọ márààrún.

Cora gbé kọfí jáde. “Ṣé Bàbá ti sọ ìtàn náà fún yín?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n,” Asahel ní.

Wọ́n mu kọfí. Eruku wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Thirza dìde, Asahel di ìka rẹ̀ mú.

“Kọ àwọn tí mo kà yẹn,” ó sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Ta ló máa mọ̀?”

“Ó dàárọ̀, Bàbá.”

“O ò ní padà wá mọ́.”

“Rárá.”

“Ó dàárọ̀ nìyẹn.”

Nínú mọ́tò, wọ́n ń kọjá lórí afárá odò tó ti gbẹ nígbà tí Hulda yíjú sí i. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

“Màmá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Orúkọ ṣáà ni. Ó sàn ju òfo lọ. Ta ló máa bá yín jà, àwọn òkú?”

“Àwọn gan-an.”

“Wọn ò lè kàwé.”

“Mo lè kà á.”

*

Ọ̀sán náà, Thirza jókòó sídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé tuntun kan, ó sì ki gègé bọ ìgò tàdáwà tí wọ́n rà ní ìsọ̀, tí kì í parẹ́. Ó gbìyànjú. Ó dijú, ó dúró sí ọdún 1879 nínú yàrá Asahel. Ó rí ibùsùn. Ó rí ìgò oògùn àti ife omi. Ó rí ẹnu Asahel tó ń mì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ansel ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tó ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ nígbà yẹn ni igbe rẹ̀.

Orrin yọjú. “Màmá, kí ni kí n kọ sára pákó?”

“Fi í sílẹ̀ ná.”

Ó kọ ojú ewé kan péré. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un: àpò àgbàdo, igi tí wọ́n fi dábùú ilẹ̀kùn, obìnrin tó ń pè. Ní ìsàlẹ̀ ó kọ pé: “Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n. Asahel Pruett ka orúkọ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo sọ wọ́n nù. Tàdáwà mi kò ní ìṣó.” Ó fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin olú-ìlú náà dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́là rẹ̀ funfun, ó ń fi aṣọ ìnujú nu gbogbo nǹkan kó tó fọwọ́ kàn án. Orúkọ rẹ̀ ni Faulconer. Ó yin ìwé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà. Inú rẹ̀ dùn sí ti eéṣú. Nígbà tó dórí ojú ewé tuntun náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú.

“Ìyá, gbogbo ìlú ló mọ ìtàn yìí. Wọn ò mọ̀ ọ́n báyìí.”

“Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀ ọ́n.”

“Bàbá Pruett ńkọ́? Mo yà á ní fọ́tò lánàá ìrọ̀lẹ́. Ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní àwọn ṣílẹ̀kùn.”

Thirza gbójú sókè. “Ìrọ̀lẹ́ àná?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ó wé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ mọ́ àyà. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí kankan? Orúkọ àwọn ènìyàn náà? Orúkọ kan péré, mo lè lọ wò ó nínú ìwé ìkànìyàn àtijọ́.”

Thirza ti garawa náà sí i. Faulconer mú ìwé kan, ó ṣí i, ó yí i po. Ó mú òmíràn. Kò fi ṣẹ̀sín. Ọmọlúàbí ni.

“Kò sí nǹkan níbí, ìyá.”

“Ó ti wà níbẹ̀ rí.”

“Mo gbọ́.”

“Mú wọn lọ náà.”

“Kí la máa fi wọ́n ṣe?”

“Mú wọn lọ.”

Hulda bá a gbé garawa náà sínú mọ́tò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu orí garawa náà lẹ́ẹ̀kan. “Ẹ má dà á nù o,” ó ní. “Odidi ilé ni mo wó torí ẹ̀.” Faulconer rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Hulda kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹrù pọ̀ ju mọ́tò lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò lágbára tó láti gbà wọ́n dúró. Orrin wo yíká, kò rí igi tó tọ́. Ó wá wo ìyá rẹ̀. Thirza mi orí pé òun gbà. Orrin mú pákó tó fá náà, ó gbé e dábùú ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ìṣó kún inú àpótí rẹ̀. Kò tilẹ̀ kà wọ́n kó tó kàn wọ́n mọ́ ọn.

Wọ́n gba abẹ́ òkè náà kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró. Bí wọ́n bá tiẹ̀ dúró, kò sí ohun tí wọ́n máa rí níbẹ̀. Atẹ́gùn ti tẹ́ gbogbo ibẹ̀ pẹrẹsẹ.

Asahel Pruett kú ní oṣù kọkànlá. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sin ín. Thirza kú ní Oregon lọ́dún kejì, ní yàrá ẹ̀yìn ilé tí wọ́n háyà, ní ìlú tí òjò kì í dá. Àwọn ará olú-ìlú tẹ ìwé ìtàn kan jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fọ́tò Asahel ló wà níwájú, ìtàn àpò àgbàdo wà ní ojú ewé kẹfà. Orúkọ Thirza Vancil wà lẹ́yìn, láàárín àwọn tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú ewé kan tó fi tàdáwà gidi kọ kò sí nínú rẹ̀. Hulda wá a lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ìwé náà dé, ó sì gbé e sí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Ìwé mọ́kànlá náà ṣì wà ní olú-ìlú, lórí pẹpẹ kẹrin, nínú àpótí páálí. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ẹrù ilé náà sí, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: “Ìwé mọ́kànlá. A kò kọ nǹkan kan sí wọn.”